Áàpù Ìṣirò Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìwúlò àti Ìpéye Wọn

Kí ni à ń pè ní áàpù ìṣirò, ṣé iṣẹ́ kan náà sì ni gbogbo wọn ń ṣe?

Áàpù ìṣirò ni ètò orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò tàbí tí a fi ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan dà bí ìwé fọ́múlà tí a kó sínú fóònù: wọn kì í ṣírò ohunkóhun, wọ́n kàn to fọ́múlà kalẹ̀ fún yín láti kà ni. Àwọn mìíràn ń ṣe ìṣirò gan-an. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Wolfram Alpha, tó jáde ní ọdún 2009, tó lè yanjú ìdọ́gba, tó lè ṣe differentiation, tó sì lè ya gíráàfù. Photomath, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Croatia tó sì jáde ní ọdún 2014, máa ń fi kámẹ́rà wo ìbéèrè lórí ìwé, yóò sì to ìgbésẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Google ti rà á báyìí.

GeoGebra, tí Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Salzburg ní orílẹ̀-èdè Austria ní ọdún 2001, àti Desmos, tó dé ní ọdún 2011, wà fún ẹni tó fẹ́ fi ojú rí gíráàfù àti àwòrán onígun. Lẹ́yìn wọn ni ChatGPT àti àwọn irú rẹ̀, àwọn áàpù AI tó ń báni sọ̀rọ̀, dé, láti oṣù kọkànlá ọdún 2022. A kò ṣe ìwọ̀nyí fún ìṣirò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ ń lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí ibi tí ọ̀kan ti máa ń ṣìnà kọ́ ni èkejì ti máa ń ṣìnà.

Ṣé wọ́n wúlò fún ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC, NECO tàbí JAMB?

Wọ́n wúlò púpọ̀, pàápàá fún ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò bi léèrè nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́. Ẹni tó ti ṣe ìṣirò kan tán lè fi áàpù yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì rí ìlà náà gan-an tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ gradient kò tíì yé lè kọ y = mx + c sínú Desmos, kí ó máa yí m padà, kí ó sì máa wo bí ìlà náà ṣe ń nà ró tó tún ń dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, mo sì lè sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún lórí Desmos máa ń là á yé àwọn ọmọ ju gbogbo àwòrán mi lọ.

Ibi tó ti ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára ni kí ó wo ìdáhùn kí ó tó mú bírò. Ìwé kejì General Mathematics ti WAEC ní ìbéèrè 13, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dáhùn 10 nínú wọn láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. Ọ̀nà tí a gbà ní máàkì tirẹ̀, ìdáhùn náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó kọ ìdáhùn nìkan ti pàdánù máàkì ọ̀nà, bí ìdáhùn náà tilẹ̀ tọ̀nà. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọ̀nà tí áàpù gbà lè yàtọ̀ sí èyí tí ìbéèrè pa láṣẹ: bí ìbéèrè bá ní kí ẹ lo completing the square, tí áàpù sì lo fọ́múlà, ẹni tó dà á kọ kò tíì dáhùn ohun tí a bi í.

Ṣé mo lè lò ó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò?

Ẹ kò lè lò ó. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC, NECO tàbí JAMB rárá. WAEC gba kakulétọ̀ tí kì í pariwo, tí a kò sì lè kọ ètò sí nínú. Nítorí náà, ẹ rí i pé kakulétọ̀ tí ẹ máa gbé lọ ti mọ́ yín lára kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe SAT láti wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, nítorí Desmos wà nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀; ó yẹ kí àwọn wọ̀nyẹn kọ́ bí a ṣe ń lò ó dáadáa.

Ṣé ó ń jẹ dátà, ṣé ọ̀fẹ́ sì ni?

Wolfram Alpha kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé orí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ín ni ìṣirò náà ti ń wáyé. Ó ń fún yín ní ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ owó ni ẹ máa san kí ẹ tó lè rí gbogbo ìgbésẹ̀. GeoGebra jẹ́ ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Fún èyíkéyìí mìíràn, ẹ pa dátà, kí ẹ gbìyànjú ìṣirò kan: ojú ẹsẹ̀ ni ẹ máa mọ̀.

Kí ló dé tí kámẹ́rà áàpù fi ń ka ohun tí mi ò kọ?

Nítorí pé áàpù náà kọ́kọ́ ní láti sọ àwòrán di lẹ́tà àti nọ́ńbà kí ó tó ṣírò ohunkóhun, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ó máa ń ka 1 sí 7, ó máa ń ka z sí 2, ó sì máa ń pàrọ̀ lẹ́tà x mọ́ àmì ìsọdipúpọ̀. Èyí tó léwu jù ni agbára, ìyẹn nọ́ńbà kékeré orí lẹ́tà, tó jábọ́ láti òkè. Ẹ wo x² − 5x + 6 = 0, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 2 àti 3. Bí áàpù bá ka x² yẹn sí 2x, ìdọ́gba náà di 2x − 5x + 6 = 0, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ 2 nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí 2 yìí kò ní fura, torí pé 2 wà lára ìdáhùn tó tọ́ ní tòótọ́.

Ọ̀pọ̀ áàpù oníkámẹ́rà máa ń kọ ohun tó kà sókè ìdáhùn rẹ̀. Ẹ fi ojú wé e mọ́ ti inú ìwé ná, àmì sí àmì, kí ẹ tó wo ìsàlẹ̀. Ní ti ìbéèrè tó ní àwòrán òbìrípo tàbí bearing, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kámẹ́rà; ohun tó wà nínú àwòrán sábà máa ń ju ohun tí áàpù rí níbẹ̀ lọ.

Mo tẹ sin 30, áàpù fún mi ní −0.988. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ó rò pé radian 30 ni ẹ ní lọ́kàn, kì í ṣe dígírì 30. Dígírì 180 ṣe déédéé π radian, nítorí náà radian 30 jẹ́ igun tó yí òbìrípo po ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Bí ẹ bá rí 0.454, ẹ̀yà kẹta tí wọ́n ń pè ní gradian ni ó wà lórí rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò igun èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ tẹ sin 30. Bí kò bá fún yín ní 0.5, ẹ yí i sí dígírì.

Olùkọ́ ní log 100 jẹ́ 2, áàpù ní 4.605. Ta ló tọ̀nà?

Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, àmọ́ log wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa, log tí a kò kọ ìpìlẹ̀ sí jẹ́ ti ìpìlẹ̀ 10, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé tábìlì oní-fígọ̀ mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, àti Wolfram Alpha pẹ̀lú wọn, sábà máa ń fi log lásán pe ti ìpìlẹ̀ e, ìyẹn 2.718, tí àwa ń kọ ní ln. Ẹ kọ ìpìlẹ̀ náà jáde nígbà gbogbo: log10(100) kò ní ìtumọ̀ méjì.

Irú ìṣòro yìí náà wà nínú sin⁻¹ 0.5. Igun tí sin rẹ̀ jẹ́ 0.5, ìyẹn dígírì 30, ni ó ń tọ́ka sí. Kì í ṣe 1 tí a fi sin 0.5 pín.

Kí ló dé tí áàpù méjì fi ń fún mi ní ìdáhùn méjì lórí ìṣirò kan náà?

Ìlànà ìkọ̀wé ni wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹ tẹ 6 ÷ 2(1 + 2): kakulétọ̀ kan yóò mú 9 jáde, òmíràn yóò mú 1 jáde, torí pé èkejì gbà pé 2(1 + 2) ti so pọ̀ kí a tó pín. Ẹ tẹ −3²: ọ̀pọ̀ áàpù yóò sọ pé −9, bẹ́ẹ̀ ni Excel yóò sọ pé 9. Kakulétọ̀ kékeré tí àwọn oníṣòwò ń lò yóò ní 2 + 3 × 4 jẹ́ 20, nígbà tí ti sáyẹ́ǹsì yóò ní 14. Ẹ fi àkámọ́ sí ohun tí ẹ fẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe, ìyàtọ̀ yóò sì tán.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé, àmì kọ́mà tún wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ ní 3,5 ni àwa ní Nàìjíríà ń kọ ní 3.5, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́mà tiwa ń pín ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Billion ti Faransé náà jẹ́ 10¹², ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 10⁹. Áàpù tí a ṣètò sí èdè kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èkejì kọ́ ìṣirò lè sọ nọ́ńbà kékeré di ńlá.

Ìdáhùn áàpù yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé. Èwo ni kí n kọ?

Ẹ wo ohun tí ìbéèrè ní kí ẹ lò. Òbìrípo tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 7 cm ní ìwọ̀n 154 cm² bí ẹ bá lo 22/7, ó jẹ́ 153.958 bí ẹ bá lo 3.142, ó sì jẹ́ 153.938 bí ẹ bá lo π tó wà nínú fóònù. Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ lo 22/7, 154 ni kí ẹ kọ. Bí ó bá béèrè fún significant figures mẹ́ta, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Àìbáramu tó tóbi ju èyí lọ sábà máa ń wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gé nọ́ńbà kù láàárín ìṣirò. Ẹni tó sọ 2/3 di 0.67 kí ó tó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 900 yóò rí 603, dípò 600. Ìdáhùn ìkẹyìn nìkan ni kí ẹ gé kù.

Ṣé mo lè gbára lé fọ́múlà tí mo bá rí nínú áàpù?

Kò yẹ kí ẹ gbára lé e kí ẹ tó dán an wò. Ẹnikẹ́ni ló lè kó fọ́múlà jọ kí ó sì gbé e síta, àmì kan tó sọnù sì tó láti ba odindi ìbéèrè jẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìṣirò ni pé kò sí fọ́múlà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ sí i. Àpapọ̀ 1 títí dé 10 jẹ́ 55, ẹ lè fi ìka kà á. Fọ́múlà arithmetic progression, n/2[2a + (n − 1)d], yóò fún yín ní 5 × 11, ìyẹn 55. Bí áàpù bá gbàgbé 2 tó wà níwájú a, 50 ni ẹ máa rí, àṣírí sì tú. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: ohun tó bá jẹ́ volume gbọ́dọ̀ ní gígùn mẹ́ta tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, bíi r³ tàbí r²h. Bí ẹ bá rí 4πr² níbi tí wọ́n ti kọ volume ti sphere, surface area ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ béèrè ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Áàpù kan lè kọ èlé orí èlé ní P(1 + r/100)ⁿ, kí òmíràn kọ ọ́ ní P(1 + r)ⁿ. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n r ti ìkejì jẹ́ 0.05 níbi tí ti ìkíní ti jẹ́ 5. Ẹni tó fi 5 sínú ìkejì yóò rò pé ₦1,000 yóò di ₦36,000 láàárín ọdún méjì, dípò ₦1,102.50. Bákan náà ni ti cone: πrl jẹ́ ti ara rẹ̀ tó yípo nìkan, a sì gbọ́dọ̀ fi πr² kún un bí ìbéèrè bá fẹ́ ti gbogbo ara rẹ̀ pẹ̀lú ìdí.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó nílò fọ́múlà tó le, Digital Library of Mathematical Functions, tí àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2010, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń sọ ibi tí fọ́múlà kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́. Èmi ò mọ èyí tó ṣe é fọkàn tán jù ú lọ.

Áàpù fún mi ní 2 lórí standard deviation, òmíràn fún mi ní 2.138. Kí ló fà á?

Fún 2, 4, 4, 4, 5, 5, 7, 9, bí a bá fi iye nọ́ńbà náà, ìyẹn 8, pín, 2 ni ìdáhùn. Bí a bá fi 7 pín, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ àpẹẹrẹ láti inú ọ̀pọ̀ mìíràn, 2.138 ni. Lórí kakulétọ̀, σ ni ti àkọ́kọ́, s ni ti èkejì. Bí ìbéèrè ilé ẹ̀kọ́ girama kò bá sọ ohun mìíràn, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò.

Kí ló dé tí olùkọ́ fi fagi lé ọ̀kan nínú ìdáhùn méjì tí mo rí, tó sì tún ní ìdáhùn mi kò pé lórí òmíràn?

Ẹ wo √(x + 7) = x − 5. Bí ẹ bá sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di square, x² − 11x + 18 = 0 ni ẹ máa rí, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 9 àti 2. Ẹ dá 9 padà: √16 jẹ́ 4, 9 − 5 náà jẹ́ 4. Ẹ dá 2 padà: √9 jẹ́ 3, ṣùgbọ́n 2 − 5 jẹ́ −3. Square tí a ṣe ló mú àlejò yìí wọlé. Áàpù tó bá yanjú ìdọ́gba àkọ́kọ́ yóò lé e jáde, àmọ́ bó bá jẹ́ ìdọ́gba kejì nìkan ni ẹ tẹ̀ fún un, kò lè mọ ibi tí ẹ ti gbé e wá.

Òdìkejì rẹ̀ ni sin x = 0.5 láàárín dígírì 0 sí 360. Kakulétọ̀ yóò sọ 30 fún yín, yóò sì dákẹ́. 150 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn áàpù ńlá lè ṣe èyí tó tún ṣàjèjì ju bẹ́ẹ̀ lọ: Wolfram Alpha lè fi 1 + 1.732i dáhùn cube root ti −8, torí pé ó ka àwọn nọ́ńbà complex (àwọn tó ní i, ìyẹn square root ti −1, nínú) mọ́ ọn, nígbà tó jẹ́ pé −2 ni ilé ẹ̀kọ́ ń retí. Bákan náà, fún x² + 1 = 0 yóò kọ i àti −i, níbi tí olùkọ́ General Mathematics yóò ti sọ pé kò sí gbòǹgbò tó jẹ́ real. Ẹ sọ fún áàpù irú nọ́ńbà tí ẹ ń wá.

Ṣé ohun tí gíráàfù bá fi hàn mí ti tó?

Kò tó, nítorí ojú fèrèsé kan ni ẹ fi ń wò ó. Desmos sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi −10 dé 10. Gíráàfù x³ − 20x² ń kan ìlà x ní 0 àti ní 20, ẹni tí kò bá sì sún fèrèsé yìí yóò búra pé ibì kan péré ló ti kàn án. Ihò náà wà tí ojú kì í rí: (x² − 4)/(x − 2) máa ń hàn bí ìlà gbọọrọ tí kò já, bẹ́ẹ̀ kò ní iye kankan rárá níbi tí x ti jẹ́ 2.

ChatGPT àti àwọn irú rẹ̀ ńkọ́?

Ìwọ̀nyí ni wọ́n ń bi mí jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú rẹ̀, láti inú ohun púpọ̀ tí wọ́n ti kà. Nítorí náà, wọ́n lè ṣàlàyé ohun tí logarithm jẹ́ lọ́nà tó dán mọ́rán, kí wọ́n sì ṣi nọ́ńbà nínú ìsọdipúpọ̀ gígùn. Èyí hàn kedere nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí sàn jù, àwọn kan sì máa ń pe ẹ̀rọ ìṣirò gidi láti bá wọn ṣe é. Síbẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń sọ èyí tó tọ́ náà ni wọ́n fi ń sọ èyí tí kò tọ́, ohun tó sì ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù nínú rẹ̀ kò tó rárá, lójú tèmi.

Ẹ lò wọ́n fún àlàyé: ẹ ní kí wọ́n tún nǹkan sọ lọ́nà mìíràn, kí wọ́n fún yín ní ìbéèrè sí i, kí wọ́n wá ibi tí iṣẹ́ yín ti wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n bá mú jáde, ẹ dá a padà sínú ìdọ́gba. Ẹ má sì bi wọ́n pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìyẹ̀wò. Wọ́n lè tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì yí ìdáhùn tó tọ́ sí èyí tí kò tọ́ nítorí pé ẹ béèrè.

Ṣé mo lè bi áàpù ní èdè Yorùbá?

Àwọn tó ń bánisọ̀rọ̀ gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n kan, inú mi sì dùn sí i, nítorí ọmọ tó lóye ìṣirò ní èdè ìyá rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ o. Kíka nọ́ńbà wa gba kí a yọ kúrò: márùndínláàádọ́ta jẹ́ 50 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sì jẹ́ 800 tí a yọ 100 kúrò nínú rẹ̀, áàpù sì lè ṣi ìyọkúrò náà gbọ́. "Ìlọ́po méjì" náà, àwọn kan ń fi pe ohun tí a fi 2 sọ di púpọ̀, àwọn kan sì ń fi pe square, bẹ́ẹ̀ 10 àti 25 ni ìyàtọ̀ àárín wọn bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 5. Ẹ fi Yorùbá béèrè àlàyé, kí ẹ sì fi fígọ̀ kọ nọ́ńbà àti àmì.

Ìdáhùn áàpù kò jọ tèmi rárá lórí integration. Ṣé mo ti ṣì í ni?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ tọ̀nà. Integral ti sin x cos x lè jẹ́ ½ sin² x + C, ó lè jẹ́ −½ cos² x + C, ó sì lè jẹ́ −¼ cos 2x + C. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní, láìka C: ½ sin² x + ½ cos² x ló kù, ìyẹn ½, nọ́ńbà tí kì í yí padà, C sì ti gbé e mì. Bí ìyàtọ̀ àárín ìdáhùn méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo x, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ tún lè ṣe differentiation ìdáhùn yín. Bí ó bá dá ìbéèrè padà fún yín, kò sí áàpù tó lè bá yín jà.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè ṣì í, láìjẹ́ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, kò wọ́pọ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà yóò sọ fún yín pé 0.1 + 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004, torí pé orí 2 (base 2, tó ní 0 àti 1 nìkan) ni kọ̀ǹpútà ń kà sí, a kò sì lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán lórí 2, bí a kò ti lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán ní désímà. Ìṣirò ọwọ́ pẹ̀lú ń ṣì: William Shanks tẹ désímà 707 ti π jáde ní ọdún 1873, ó sì di ọdún 1944 kí D. F. Ferguson tó rí i pé láti ìkejìdínlọ́gbọ̀n lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn ipò 528, ni ó ti yapa.

Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rọ Pentium tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe ń ṣi ìpín kan ṣe. 4195835 tí a fi 3145727 pín jẹ́ 1.333820, Pentium ń sọ pé 1.333739. Bí Nicely ṣe rí i ni pé ó ń ṣe ìṣirò kan náà lọ́nà méjì, ìdáhùn méjèèjì kò sì bára mu. Ó kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ náà.